Okùn Ìsáṣọ àti Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Mẹ́jọ

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan tí òjò ṣú tí kò rọ̀, ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Mo mọ aago náà nítorí pé abẹ́ aago ńlá tó wà lára ògiri ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé ni mo dúró sí nígbà tí Àǹtí Bọ́sẹ̀, tíṣà wa ní kíláàsì karùn-ún, fi bébà kan lé mi lọ́wọ́ tí wọ́n ní, "Títílayọ̀, ìwọ ni o máa lọ fún wa." Àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ agbègbè wa fẹ́ pàdé ní Òkè-Ìlá ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, láti fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì díje. Wọ́n ti pín ọ̀rọ̀ fún ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan gba orúkọ ẹyẹ, àwọn kan gba orúkọ òdòdó. Ọ̀rọ̀ ìjà àti ariwo burúkú ló bọ́ sọ́wọ́ tiwa. Mẹ́jọ ni wọ́n: quarrel, row, squabble, strife, clamour, din, racket àti discord. Mo gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń kọ wọ́n, bí a ṣe ń pè wọ́n, kí n sì lè ṣàlàyé wọn níwájú èrò. Mo fẹ́ kí ó yé yín pé inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí, lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi dùn pé èmi ni wọ́n mú. Ẹ̀rù bà mí pé wọn yóò wá rí i pé kò yẹ kí wọ́n mú mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí títí di òní, bí mo tilẹ̀ ti gba oyè ní yunifásítì, tí mo sì ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán.

Àwọn ìyàwó bàbá àgbà mi méjèèjì ló tọ́ mi dàgbà ní Ìlá. Bàbá àgbà ti kú kí wọ́n tó bí mi. Bàbá mi ń ṣe tíṣà ní Iresi, ìyá mi sì wà lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀ pẹ̀lú àbúrò mi tó ṣì ń mu ọmú. Ìyá Àgbà ni ìyálé, àwọn ni wọ́n bí bàbá mi, yàrá wọn sì wà lápá òsì àgbàlá. Ìyá Kékeré ni ìyàwó, yàrá tiwọn dojú kọ ti Ìyá Àgbà láti apá ọ̀tún. Àwọn méjèèjì kì í pè mí ní Títílayọ̀. Àjọkẹ́, oríkì mi, ni wọ́n ń pè mí, oríkì náà sì bá ọ̀rọ̀ mi mu, nítorí pé iyán inú odó Ìyá Àgbà ni mo máa ń jẹ lálaalẹ́, ọbẹ̀ inú ìkòkò Ìyá Kékeré ni mo sì fi ń jẹ ẹ́. Bí mo bá ti gba iyán tán lápá òsì, màá gbé abọ́ kọjá lágbàlá lọ gba ọbẹ̀ lápá ọ̀tún. Nígbà yẹn, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jẹun ní gbogbo ilé. Nísinsìnyí tí mo ti gbé ilé àwọn ẹlòmíràn, mo mọ̀ pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin méjì tí wọ́n jọ fẹ́ ọkọ kan ló ṣètò pé kò sí ẹni tí yóò dá ọmọ bọ́.

Bí mo bá di ojú mi nísinsìnyí, etí ni mo fi ń rí ilé náà. Láàárọ̀, ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà á bẹ̀rẹ̀ láti òsì, ti Ìyá Kékeré á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún, wọ́n á máa gbá ilẹ̀ bọ̀ títí wọ́n á fi pàdé lẹ́bàá àmù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kí ara wọn. "Ìyàwó, ṣé o jí dáadáa?" "Mo jí dáadáa, ìyálé mi. Ẹ̀yin ńkọ́, orúnkún yín?" Arúgbó ni Ìyá Kékeré nígbà náà, irun funfun ti kún orí wọn, ṣùgbọ́n Ìyàwó náà ni Ìyá Àgbà ń pè wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn wọlé. Ó máa ń dá mi lẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé orúkọ náà dà bí òrùlé lórí ènìyàn, àfi ìgbà tí wọ́n ṣí i kúrò.

Ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ ló dá ìjà sílẹ̀ láàrin wọn. Ọmọ Ìyá Kékeré tó ń gbé ní Ìlọrin ló rà á fún wọn kí wọ́n yé fi ọwọ́ rin ẹ̀gẹ́, nítorí ìka wọn ti ń wú. Abẹ́ fèrèsé Ìyá Àgbà ni wọ́n gbé e sí, torí pé ibẹ̀ nìkan ni sìmẹ́ǹtì wà. Ẹ̀rọ yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, kì í ṣe kékeré. Bí wọ́n bá fa okùn rẹ̀ tó bá gbiná, fèrèsé á gbọ̀n, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa jó, àwọn adìẹ á sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Àgbà fara dà á fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ kan wọ́n yọ orí lójú fèrèsé, wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé kò sí ibòmíràn tí a lè gbé nǹkan yìí sí?" Ó ti rẹ Ìyá Kékeré lọ́jọ́ náà. Òkìtì ẹ̀gẹ́ kan ṣì wà nílẹ̀, òjò sì ń bọ̀. Wọn kò wòkè. Wọ́n ní, "Kí ẹni tí ariwo bá ń dà láàmú fi òwú dí etí."

Ìyàwó kì í sọ bẹ́ẹ̀ sí ìyálé nílé wa. Ìyá Àgbà kò fèsì. Wọ́n pa fèrèsé dé. Bóyá àìfèsì yẹn ló dun Ìyá Kékeré jù, n kò mọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n gé okùn ìsáṣọ. Okùn náà ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ayé bàbá àgbà. Ara igi ọsàn tó wà lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Àgbà ni orí rẹ̀ kan wà, ara òpó lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Kékeré ni orí kejì, aṣọ gbogbo ilé sì máa ń pàdé lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti rọ̀ wálẹ̀ lára igi ọsàn bí ejò tó kú. Orí koríko ni a wá ń sá aṣọ sí, kòkòrò sì ń jẹ mí lára nítorí rẹ̀.

Oṣù méje ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà kò pe Ìyàwó mọ́. "Ẹni yẹn" ni wọ́n ń sọ. Àmọ́ ilé kan kò lè máa lọ láìsọ̀rọ̀, nítorí náà ewúrẹ́ ni wọ́n ń bá sọ ọ́. Ìyá Àgbà á dúró ti ewúrẹ́ wa tó so mọ́ ìdí igi ọsàn, wọ́n á ní, "Ewúrẹ́, ṣé o rí i bí àwọn kan ṣe ń gbá ìdọ̀tí tì sẹ́nu ọ̀nà ẹni ẹlẹ́ni?" Láti apá ọ̀tún, Ìyá Kékeré á dáhùn, "Ewúrẹ́, bá mi sọ fún ẹni tó rán ọ pé afẹ́fẹ́ ló gbé e. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n mú afẹ́fẹ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá." Ewúrẹ́ á máa jẹ èèpo iṣu rẹ̀ lọ. Èmi a máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Ọjọ́rú tí mo ń sọ yìí, bí mo ṣe wọ àgbàlá pẹ̀lú bébà mi, n kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Kékeré ń bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ohùn wọn lọ sókè, bóyá kí fèrèsé kejì lè gbọ́. "Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dára. Rán ọkọ̀ wá. Ẹrù mi kò pọ̀, èmi àti ẹ̀rọ náà ni. Ìlú Ire ni mo ń lọ, lọ́dọ̀ àbúrò mi. Ilé tí wọn kì í ti í pe ènìyàn lórúkọ, kí ni ènìyàn ń dúró ṣe níbẹ̀?"

Mo dúró lẹ́bàá àmù. Mo ronú nípa iyán tí kò ní ọbẹ̀. Ẹ má rò pé oúnjẹ nìkan ni mo ń rò; ọmọdé ni mí, oúnjẹ ni mo fi ń ka ìfẹ́. Mo tún ronú pé bí wọ́n bá lọ, ta ni yóò máa dá ewúrẹ́ lóhùn? Sátidé náà ni ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ ìdíje mi. Láti ìgbà yẹn ni nǹkan méjèèjì ti so pọ̀ nínú mi: mo gbà gbọ́, láìsí ìdí kankan, pé bí mo bá mọ ọ̀rọ̀ ìjà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dáadáa, ìjà ilé wa náà á tán.

Ìyá Àgbà ń pa ẹ̀gúsí nígbà tí mo wọlé tọ̀ wọ́n lọ. Wọ́n gba bébà náà, wọ́n yí orí rẹ̀ sísàlẹ̀, wọ́n wò ó dáadáa bí ẹni tó ń yẹ iṣu wò lọ́jà. Wọn kò lọ ilé-ìwé rí. "Kà á fún mi," ni wọ́n wí. "Kí ni wọ́n ní kí o mọ̀?"

"Ọ̀rọ̀ ìjà ni, Ìyá Àgbà. Àti ọ̀rọ̀ ariwo."

"Gẹ̀ẹ́sì ìjà wá tó mẹ́jọ? Àwọn ènìyàn yìí mà ń jà o. Ó yá."

Mo ní, "Squabble. Àǹtí wa ní ìjà kékeré lórí nǹkan tí kò tó nǹkan ni."

"Ìjà adìẹ nìyẹn. Wọ́n á ṣá ara wọn jẹ nítorí àgbàdo kan, wọ́n á sì jọ wọ ilé sùn. Má bẹ̀rù ìyẹn. Òmíràn?"

"Clamour. Ariwo ọ̀pọ̀ ènìyàn."

"Kí la mọ̀?"

"Clamour, Ìyá Àgbà."

"Mo gbọ́. Kí la mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Bí gbogbo ènìyàn bá ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, kí la wá mọ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí èèpo ẹ̀gúsí fi dà sílẹ̀. Ó ṣòro fún mi láti ṣàlàyé bí ẹ̀rín yẹn ṣe rí lára mi. Mo ti gbé bébà náà wálé bí ẹrù tó wúwo, obìnrin tí kò mọ A wá sọ ọ́ di ohun ìṣeré, síbẹ̀ n kò gbàgbé ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́ láé. Mo ti jókòó níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́yìn ìgbà náà. N kò tíì rí ẹni tó ń kọ́ni bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo pe din, wọ́n ní, "Dín? Bí ẹni ń dín àkàrà?" Mo ní rárá, ariwo tí kì í dákẹ́ ni. Wọ́n ní, "Epo gbígbóná a máa dákẹ́ ni?" Ìgbà tí a dé orí row, mo sọ fún wọn ohun tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ sọ, pé lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni: bí o bá kà á ní "ró", nǹkan tó tò lọ ni, bí ẹsẹ̀ ebè nínú oko, bí o bá kà á ní "ráò", ìjà aláriwo ni. Ìyá Àgbà gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Ẹsẹ̀ ebè àti ìjà, wọ́n kọ wọ́n bákan náà? Àgbẹ̀ ni òyìnbó tó kọ ọ́. Ibi tí ebè tìrẹ ti tán tí tèmi ti bẹ̀rẹ̀, ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni ìjà wà?" Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pe strife, tí mo ní ìjà tó pẹ́ nílẹ̀ láàrin àwọn tó jọ ń gbé ni, wọ́n kàn ní, "Fo ìyẹn."

Discord ló kẹ́yìn. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ méjì, àìrẹ́pọ̀ láàrin ènìyàn, àti ohùn orin tí kò bá ara mu tó ń ha ni létí. Ṣùgbọ́n mo ti rí nǹkan kan fúnra mi, mo sì ń yangàn rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá pé cord ni okùn. Wọ́n sì ti kọ́ wa pé dis tó bá wà níwájú ọ̀rọ̀ a máa tú u ká. Mo ní, "Ìyá Àgbà, okùn tó tú ni. Okùn tó yẹ kó so nǹkan méjì pọ̀, tí ẹnì kan wá tú u."

Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo ìta, níbi igi ọsàn. "Tún un pè," ni wọ́n wí, mo sì tún un pè. Wọ́n gbìyànjú láti pè é, ó di "dísíkọ́ọ̀dù" lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n mú ẹ̀gúsí wọn, wọ́n ní kí n lọ gba ọbẹ̀ mi kó tó tutù.

Ní àwọn ọjọ́ tó kù, Ìyá Kékeré náà kọ́ mi. Bí wọ́n bá ń jọ gàrí, ajọ̀ wọn ni mo fi ń ka lẹ́tà, lẹ́tà kan fún jìgìjìgì kan. R-a-c-k-e-t. Wọ́n bi mí pé kí ni ìyẹn. Mo ní ariwo tó ń fọ́ ni létí, wọ́n wo ẹ̀rọ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, wọ́n ní, "Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ sí Gẹ̀ẹ́sì, o gbọ́?" Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ mẹ́jọ fún wọn, àfi discord. N kò lè sọ fún ẹni tó gé okùn pé okùn tó tú ni. Mo ń bẹ̀rù pé wọ́n á rò pé mo ti yan ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọ tí wọ́n jọ ń kẹ́ kò gbọ́dọ̀ yan ẹ̀gbẹ́, èyí ni mo ń sọ fún ara mi, bí ẹni pé mo ti dàgbà.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Èmi àti Àǹtí Bọ́sẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkè-Ìlá, aṣọ ilé-ìwé mi ń rùn bíi koríko. Adájọ́ mẹ́ta ló jókòó sídìí tábìlì, agogo kékeré kan wà níwájú wọn. Mo gba quarrel, mo gba din, mo gba squabble. Ó wá ku èmi àti ọmọ kan tó ń fi orúkọ ẹyẹ díje. Ọkùnrin kan nínú àwọn adájọ́ náà, tó wọ awò ojú, ló bi mí ní discord. Mo kọ ọ́ láìṣì. Ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kí n ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe yé mi, kì í ṣe bí mo ṣe há a sórí. Ìtumọ̀ Àǹtí Bọ́sẹ̀ wà ní etí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n ó ní bó ṣe yé mi. Mo sì fi Gẹ̀ẹ́sì mi tó ń kọsẹ̀ sọ pé okùn ni, tí àwọn méjì ń sá aṣọ sí, tí ẹnì kan tú, tí wọn kò sì lè sá aṣọ síbẹ̀ mọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní, "Rárá, ọmọ mi. Kò sí okùn nínú rẹ̀." Ó sì lu agogo.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ ra búrẹ́dì fún mi lójú ọ̀nà. Mo dì í mú lọ́wọ́ títí a fi délé. Kì í ṣe pé mo pàdánù nìkan ló ń dùn mí. Mo ti fi ọ̀rọ̀ ilé wa han èrò, wọ́n sì fi rẹ́rìn-ín. Ojú sì tì mí pé ohun tó tíì yé mi jù lọ láyé ló jẹ́ irọ́.

Nígbà tí mo dé ilé, ẹrù Ìyá Kékeré ti wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Abọ́ ńlá méjì, ajọ̀, àpò aṣọ kan tí wọ́n fi ìró dì. Àwọn fúnra wọn jókòó lórí àpótí. Fèrèsé Ìyá Àgbà ṣí díẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, ẹkún sì gbà mí lọ́nà.

"Àjọkẹ́! Ta ló nà ọ́?" ni Ìyá Kékeré wí.

"Ẹnì kankan kò nà mí. Mo fìdí rẹmi ni."

"Ọ̀rọ̀ wo lo kò mọ̀ nínú gbogbo èyí tí a kà? Àbí racket ni? Mo ti sọ pé ẹ̀rọ yìí kò ní orí ire."

Mo ní kì í ṣe racket. Mo ní ọ̀kan wà tí n kò sọ fún wọn. Mo sọ ọ́, nínú ẹkún, n kò lè wo ojú wọn. "Mo ní okùn tó tú ni. Okùn ìsáṣọ. Wọ́n ní irọ́ ni. Wọ́n ní kò sí okùn níbẹ̀."

Ìyá Kékeré yí ojú sí igi ọsàn. Ọwọ́ wọn ń bẹ lórí mi, ó kàn dúró. Ìgbà náà ni fèrèsé òsì ṣí gbàgà.

"Ìyàwó! Ta ló pe ọmọ wa lópùrọ́?"

Mo gbọ́ ọ. Ewúrẹ́ pàápàá gbé orí sókè. Ìyá Kékeré dìde lórí àpótí bí ọmọdé tí tíṣà pe orúkọ rẹ̀, wọ́n sì dáhùn láìronú, "Ọkùnrin kan ni o, ìyálé mi, ní Òkè-Ìlá. Ó ní kò sí okùn níbẹ̀!"

"Kò sí okùn? Ṣé ó dé ilé yìí rí ni?"

"Ibo ló ti fẹ́ dé ibí! Ẹni tó jókòó sídìí tábìlì!"

"Ọmọ tó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Okùn ń bẹ lára igi ọsàn níbẹ̀ yẹn, ẹ̀fúùfù ń fẹ́ ẹ, ó ní kò sí okùn."

"Ẹ dá a lóhùn, ìyálé mi. Ìwé ti pọ̀ jù lórí ẹ̀ ni."

Wọ́n bú ọkùnrin náà fún ìgbà pípẹ́, ẹni tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, Ọlọ́run dárí jì wá. Wọ́n bú awò rẹ̀, wọ́n bú agogo rẹ̀. Nígbà tí èébú tán, àwọn méjèèjì ti wà láàrin àgbàlá, lẹ́bàá àmù, ojú wá ń ti wọ́n. Ìyá Kékeré ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀. "Ìyálé mi, ẹnu mi ló ṣì sọ, lọ́jọ́ yẹn."

Ìyá Àgbà kò ní kí wọ́n dìde. Wọ́n padà wọ yàrá, ọkàn mi sì já. Ṣùgbọ́n wọ́n tún jáde, òwú tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ran wà lọ́wọ́ wọn, ìdì ńlá kan. "Òwú rèé. O ní kí n fi dí etí. Ó ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi láti oṣù méje, etí mi kò gbà á. Okùn tí o gé kò ní gùn tó mọ́. Dìde, kí a fi òwú yìí ṣe àsokún rẹ̀."

Mo di orí okùn mú fún wọn. Ọwọ́ Ìyá Kékeré tó wú kò lè ta kókó náà le, ọwọ́ Ìyá Àgbà sì ń gbọ̀n, nítorí náà ọ̀kan mú, ọ̀kan fà. Nígbà tí ọkọ̀ Ìlọrin dé láàárọ̀ Sátidé, ìró àwọn méjèèjì ti wà lórí okùn láti igi ọsàn dé òpó, omi ń kán lára wọn. Dírẹ́bà ní òun wá kó ẹrù. Ìyá Àgbà ní, "Ọkọ̀ rẹ kò lè gba abẹ́ aṣọ wa kọjá, ọmọ mi. Jókòó, kí o jẹ iyán." Wọ́n fún un ní iyán, Ìyá Kékeré bu ọbẹ̀ fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì lọ.

Ẹ̀rọ náà kò kúrò níbi tó wà. Ìyá Àgbà ní òun ti gbọ́ bí ilé ṣe ń dún nígbà tó dákẹ́, òun kò fẹ́ ẹ. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé kí Ìyá Kékeré tó fa okùn rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ ké pé, "Dín o!" Ìyá Àgbà á dáhùn lójú fèrèsé pé, "Mo gbọ́, Ìyàwó," wọ́n á sì gbé àga wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo gbọ́ ìkéde àti ìdáhùn yẹn títí mo fi lọ sí yunifásítì. Kò sí ẹgbẹ́ mi kan tó gbàgbọ́ pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni.

Yunifásítì náà ni mo ti ṣí ìwé atúmọ̀-èdè ńlá kan lọ́jọ́ kan, n kò tilẹ̀ wá a lọ. Discord. Ìwé náà ní láti inú èdè Látìn ló ti wá, àti pé cord inú rẹ̀ kì í ṣe okùn. Ọkàn ni. Ọkàn tó pínyà. Mo ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọkùnrin Òkè-Ìlá sọ òótọ́. Mo pa ìwé náà dé, mo sì jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́ ti ilé ìkàwé. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo sì tún fẹ́ sunkún, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ́ kí okùn àti ọkàn jìnnà síra bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu wa, ẹni tó bá kánjú lè fi ọ̀kan pe èkejì. N kò sọ fún wọn nílé. Ìyá Àgbà kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá, wọ́n sì kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé wọ́n rẹ́ ọmọ wọn jẹ ní Òkè-Ìlá.

Ilé ni mo wà báyìí, mo ń wá iṣẹ́. Ìyá Kékeré ṣì ń rin ẹ̀gẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ṣì máa ń kọjú sí fèrèsé tó tì pa yẹn, wọ́n á ké pé, "Dín o!" Wọ́n á dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fa okùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n pè mí, wọ́n ní nígbà ìsìn ìrántí Ìyá Àgbà, èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì gboyè ni kí n dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí n sọ ìtàn ọ̀rọ̀ náà, kí n sì fi ẹnu ara mi jẹ́rìí fún gbogbo ìjọ pé okùn ni. "Kí wọ́n lè mọ̀ níkẹyìn pé ọmọ wa kò purọ́," ni wọ́n wí. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ló ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì náà. Wọ́n mọ òótọ́, mo mọ̀ pé wọ́n mọ̀, wọn kò sì sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí. Bí mo bá sọ pé okùn ni, màá purọ́ lórí pẹpẹ, èmi tí mo gba ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀. Bí mo bá sọ pé ọkàn ni, n kò mọ ohun tí yóò já nínú arúgbó tó fi òwú so okùn yẹn, tó sì ń sá aṣọ rẹ̀ nìkan sórí rẹ̀ títí di òní. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni, n kò sì tíì sùn dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ti kà á dé ibí, ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá àgbà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn: èwo ni kí n pè níwájú wọn?